Àwòrán Sinimá Orí Àpò Fúláwà: Ìtàn Ohun Ìkójọ Kan láti Ilẹ̀ Ghánà

Àwòrán sinimá orí àpò fúláwà ni àwọn àwòrán ìpolówó ńláńlá tí àwọn ayàwòrán pátákó ilẹ̀ Ghánà fi ọwọ́ yà, láti àárín àwọn ọdún 1980 títí di òpin àwọn ọdún 1990, fún àwọn tí ń gbé fídíò kiri láti ìlú dé abúlé. Àwọn akọni inú fíìmù ni ó kún ojú wọn: Arnold Schwarzenegger tòun ti ìbọn lápá, Sylvester Stallone, Bruce Lee, àti àwọn àjẹ́, iwin àti ejò inú fíìmù Ghánà àti ti Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n, irinṣẹ́ lásán ni wọ́n. Òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, wọ́n ń ká wọn bí ẹní, wọ́n sì ń jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀. Lónìí, àwọn olùkójọ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ra ẹyọ kan nínú wọn, iye náà sì máa ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún bí ó bá jẹ́ ti ayàwòrán tí orúkọ rẹ̀ ti tàn.

Ìtàn ìyípadà yẹn ni a fẹ́ sọ níhìn-ín. Accra àti agbègbè rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán tí a mọ̀ jù lọ ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Kumasi ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ní Suame Magazine, nítorí pé ohun kan náà tí ó sọ ibẹ̀ di ńlá ni ó bí àwọn àwòrán yìí: ọ̀wọ́n ọjà òkèèrè, àti àìkìí sọ nǹkan nù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Suame Magazine àti àwọn ọdún ọ̀wọ́n

Suame Magazine wà ní ìhà àríwá Kumasi, olú-ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà lè rò pé ìwé ìròyìn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ti àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn ni a ń pè ní orúkọ yẹn, ó sì lẹ̀ mọ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ títí wọ́n fi tẹ̀dó sí Suame. Àwọn mẹkáníìkì, àwọn wẹ́dà, àwọn tí ń lu ara ọkọ̀ tí ó ti wó, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tí ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà, àti àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, ìsọ̀ lẹ́bàá ìsọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì ní Jámánì lè dé ibẹ̀ kí ó sì tún máa ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí kò bá sì ṣeé tún ṣe mọ́, wọ́n á tú u palẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ á di ti ọkọ̀ mìíràn, irin tí ó bá ṣẹ́kù á di ìkòkò tàbí àdògán.

Ní ọdún 1972 ni yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ tí ó wà ní Kumasi, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Kwame Nkrumah, dá ibùdó kan sílẹ̀ tí yóò máa mú ìmọ̀ inú kíláàsì lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní 1980, ibùdó náà ṣí ẹ̀ka kan sí Suame Magazine gan-an. John Powell, tí ó darí ibùdó náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé lórí ohun tí ó rí níbẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1995. The Survival of the Fitter ni ó pe àkọlé rẹ̀. Ó fi orúkọ náà ṣeré díẹ̀, nítorí pé «fitter» ni àwọn ará Ghánà ń pe ẹni tí àwa ń pè ní mẹkáníìkì.

Ohun tí ìwé náà jẹ́ kí a rí ni pé ìgbà tí nǹkan le jù lọ fún Ghánà ni ọwọ́ àwọn ará Magazine dí jù lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1981, Jerry Rawlings gba ìjọba lẹ́ẹ̀kejì. Òfin kónílé-ó-gbélé tẹ̀lé e. Ní 1983, ọ̀dá dá, iná jó oko àti igbó, ebi pa ará ìlú, oṣù kìíní ọdún náà sì ni ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí èyí tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ghánà. Àwa Yorùbá kò gbàgbé ọdún náà, nítorí pé orúkọ àpò onílà pupa àti búlúù tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ṣì ń jẹ́ «Ghana Must Go» lẹ́nu wa. Àwọn àgbàlagbà wa kò sì gbàgbé pé ní 1969 ni ìjọba Busia ti kọ́kọ́ lé àwọn àlejò kúrò ní Ghánà, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá sì fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀ ní Kumasi àti ní àwọn ìlú mìíràn. Owó ilẹ̀ òkèèrè kò sí láti fi ra ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun. Nítorí náà, ẹni tí ó lè rọ ẹ̀yà kan láti inú irin àlòkù ni gbogbo onímọ́tò ń wá.

Bí ọ̀ràn ti rí fún ẹ̀yà ọkọ̀ ni ó rí fún bébà, yíǹkì àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹni tí ó fẹ́ polówó fíìmù kò rí pósítà aláràbarà tẹ̀, bí ó bá sì rí i, owó rẹ̀ kò ká a. Ayàwòrán pátákó wà ní gbogbo ìgboro, ọ̀dà wà, àpò fúláwà sì wà ní ilé oníbúrẹ́dì.

Fídíò orí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin

Kí fídíò tó dé, Ghánà ti mọ sinimá alárìnkiri. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ̀ sinimá ti ń lọ láti abúlé dé abúlé láti ṣe ìlanilọ́yẹ̀, ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 sì ń ṣe fíìmù fún wọn. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ẹ̀rọ náà nílé kò pọ̀, iná mànàmáná kò sì dé ọ̀pọ̀ abúlé.

Fídíò yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹnì kan lè kó tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ fídíò kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti báàgì kásẹ́ẹ̀tì kan sínú bọ́ọ̀sì, kí ó sì di onísinimá. Yóò dé abúlé ní ọ̀sán, yóò so àwòrán rẹ̀ mọ́ ara igi tàbí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí èrò pọ̀ sí, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, yóò tan jẹnẹrétọ̀, àwọn ènìyàn yóò sanwó wọlé sí àgbàlá tàbí yàrá tí ó ti yá. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kọjá sí abúlé mìíràn. Òfin kónílé-ó-gbélé tí ó ti pa eré alẹ́ àwọn ilé sinimá ńlá lára kò rí irú ìṣòwò kékeré yìí mú bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò nílò ilé ńlá, kò sì nílò òṣìṣẹ́ púpọ̀.

Fíìmù Amẹ́ríkà, ti Hong Kong àti ti Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi hàn. Lẹ́yìn náà ni ti ilé dé. Ní 1987, William Akuffo gbé Zinabu jáde, fíìmù tí ó fi kámẹ́rà fídíò yà, èyí sì ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù Ghánà lórí àjẹ́, owó oògùn àti pásítọ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn fíìmù Yorùbá ni Kenneth Nnebue kọ́kọ́ náwó lé lórí, kí Living in Bondage tó jáde ní 1992 tí ó sì sọ fídíò Nàìjíríà di ohun tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń wò. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí sọdá sí Ghánà, àwọn ayàwòrán kan náà tí ó ya Terminator àti Commando ni ó sì ya àwọn àjẹ́ wa pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ará Ghánà ti ṣe rí ẹ̀rù inú fíìmù Nàìjíríà ní ìgbà yẹn, inú àwọn àwòrán yìí ni yóò ti rí i.

Bí wọ́n ṣe ń yà á

Àpò fúláwà ayé ìgbà náà, aṣọ òwú ni. Àpò 50 kílò méjì ni wọ́n sábà máa ń tú, tí wọ́n á rán pọ̀ kí ó lè di odidi aṣọ kan tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà kan àbọ̀, tí ìbú rẹ̀ sì lé ní mítà kan. Ojú rírán yìí, tí ó gba àárín àwòrán kọjá, wà lára ohun tí àwọn olùkójọ kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n á na aṣọ náà lé pákó, wọ́n á fi ọ̀dà kùn ún kí ojú ihò òwú lè dí, ayàwòrán á wá fi ọ̀dà olóròóró ya ohun tí ó fẹ́ yà sórí rẹ̀. Ọ̀dà irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn àti ọkọ̀ ni. Bí wọ́n bá ká aṣọ náà, kò ní tètè ya. Bí òjò bá pa á, àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí lọ wéré.

Páálí kásẹ́ẹ̀tì ni ayàwòrán sábà máa ń wò yà á. Ó lè ti wo fíìmù náà, ó sì lè má tíì wò ó rí. Àwòrán orí páálí kéré bí àtẹ́lẹwọ́, èyí tí yóò yà sì ga tó ènìyàn. Ohun tí kò sí lórí páálí, òun ni yóò ti ọkàn ara rẹ̀ mú un wá. Iṣan apá akọni yóò wú ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti farapa nínú fíìmù. Ejò tí a kò rí nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè wé mọ́ ọrùn obìnrin kan. Ní ìsàlẹ̀, ayàwòrán á kọ orúkọ ara rẹ̀ tàbí ti ìsọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn á kọ orúkọ ẹgbẹ́ fídíò tí ó gbé iṣẹ́ fún un. Lára àwọn orúkọ tí ó ti gbajúmọ̀ báyìí ni Joe Mensah, Leonardo, Alex Boateng, Stoger, Heavy J, Daniel Anum Jasper, àti ẹnì kan tí ó ń jẹ́ Death Is Wonder.

Àwọn ará òkèèrè máa ń rẹ́rìn-ín sí ejò tí kò sí nínú fíìmù. Wọ́n rò pé àṣìṣe ni, tàbí pé òpè ni ó ya á. Èrò yẹn kò tọ̀nà. Oníṣòwò tí ó wọ abúlé ní ọ̀sán kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ láti mú kí àgbẹ̀ tí ó rẹ̀ mú owó jáde. Àwòrán yẹn nìkan ni agbẹnusọ rẹ̀. Ọgbọ́n ọjà ni ó wà nínú àṣejù rẹ̀, ayàwòrán sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ti rí ọ̀rọ̀ ńláńlá àti kìnnìún aláwọ̀ wúrà tí a ń yà sẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà nígbà kan rí, kò ní ṣòro fún un láti mọ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ayàwòrán wọ̀nyí ti jáde.

Ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀gá ni. Ọmọ iṣẹ́ á máa fọ búrọ́ọ̀ṣì, á máa po ọ̀dà, á máa fa ìlà lẹ́tà, títí ọ̀gá á fi jẹ́ kí ó ya ojú ènìyàn. Pátákó onígbàjámọ̀, ti adírunṣerun, ti ilé oògùn, àwòrán òkú fún ìsìnkú, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lọ́rì: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àwòrán sinimá jẹ́ ọ̀kan lára wọn ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ayàwòrán kan ní Suame

Ní Suame, ní oríta ńlá tí ó wọ Magazine, ni ìsọ̀ Kwame Akoto wà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Almighty God. Wọ́n bí i ní Kumasi ní 1950. Orúkọ mìíràn ni ìsọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó di àtúnbí ní 1991, ó sọ ọ́ ní Almighty God Art Works, orúkọ ìsọ̀ sì di orúkọ olówó rẹ̀. Iṣẹ́ pátákó ni ó fi bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àwòrán sinimá ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ìwàásù ni ó ń yà: ìkìlọ̀ fún amusìgá, àwòrán ara rẹ̀, àwòrán ọ̀run àti iná, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó kọ sára wọn títí àyè fi tán. Ó sì kó wọn jọ sí ìta ìsọ̀ rẹ̀ débi pé ẹni tí ó bá ń gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kò lè ṣe kí ó má kà wọ́n.

A mú un wá síhìn-ín nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti rí bí olùkójọ ṣe ń sọ iṣẹ́ ẹni di ohun mìíràn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́, ará ìlú ni wọ́n, wọ́n ń wá pátákó. Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní oríta Suame láti ra àwòrán ìwàásù lọ kọ́ sí pálọ̀ wọn. Fowler Museum ti Yunifásítì California ní Los Angeles ti ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀. Atta Kwami, ọmọ Ghánà tí ó jẹ́ ayàwòrán àti olùkọ́ ní yunifásítì Kumasi, gbé àwọn ayàwòrán pátákó Kumasi sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ó kàwé gboyè nínú ìwé rẹ̀, Kumasi Realism, tí ó jáde ní 2013, láti fi hàn pé ìtàn iṣẹ́ ọnà ìlú náà kò pé bí a bá yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò. Kwami kú ní 2021. Ìwé rẹ̀ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí olùkójọ ṣe dé

Ìparí ìṣòwò náà kò pẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò ti wọ ilé púpọ̀, iná mànàmáná ti dé abúlé tí kò dé tẹ́lẹ̀, pósítà bébà títẹ̀ sì ti dínwó. Tẹlifíṣọ̀n tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì ni ó pa á nígbà tí ó wọ pálọ̀. Àwọn onífídíò ká àwòrán wọn sí igun ilé. Àwọn kan fi bo ẹrù, àwọn kan fi dí ojú fèrèsé, eku jẹ òmíràn.

Àkókò yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wọn. Ernie Wolfe, oníṣòwò iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Los Angeles, rà wọ́n jọ, ó sì tẹ ìwé àwòrán ńlá kan jáde ní 2000 tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Extreme Canvas. Apá kejì tẹ̀lé e ní 2012. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni ó sọ wọ́n di ohun tí àwọn olówó Hollywood ń wá, ìyẹn ni pé àwòrán tí wọ́n yà láti inú fíìmù Hollywood padà sí Hollywood gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Ní Chicago, Brian Chankin dá Deadly Prey Gallery sílẹ̀. Ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara fíìmù kan tí ó jáde ní 1987. Ní 2019, Poster House, mùsíọ́ọ̀mù tí a yà sọ́tọ̀ fún pósítà ní New York, ṣí àfihàn kan lórí wọn ní ọdún tí òun fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn.

Kí olùkójọ tó wọ̀ ọ́, àwòrán tí ó mọ́ tónítóní ni ó dára jù lójú onífídíò. Lójú olùkójọ, èyí tí ó ti gbó ni ó níyì: ihò ìṣó, ìlà ibi tí wọ́n ti ń ká a, àbàwọ́n omi òjò, lẹ́tà ilé iṣẹ́ fúláwà tí ó ṣì hàn lẹ́yìn aṣọ. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rí pé ó ti ṣiṣẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọjà pín sí méjì. Ọ̀kan ni ti àtijọ́ tí ó ti rìn kiri abúlé, tí kò sì lè pọ̀ sí i mọ́. Èkejì ni ti tuntun, tí àwọn ayàwòrán bíi Heavy J àti Stoger ń yà fún ẹni tí ó bá pàṣẹ láti òkèèrè, tí ó lè jẹ́ fíìmù tàbí eré tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò fi han abúlé kankan rí ní Ghánà. Àwọn kan lára àwọn olùkójọ kì í fẹ́ gbọ́ nípa tuntun yìí. Wọ́n ní kì í ṣe ojúlówó. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àṣẹ oníbàárà ni ó bí ti àtijọ́ pẹ̀lú. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé oníbàárà ti ìgbà yẹn ń ra ìrànwọ́ fún òwò rẹ̀, oníbàárà ti ìsinsìnyí ń ra àwòrán náà fúnra rẹ̀, ó sì ń fẹ́ kí ejò tí kò sí nínú fíìmù wà níbẹ̀ dandan. Àṣejù tí ó jẹ́ ọgbọ́n nígbà kan ti di ohun tí a ń béèrè fún lórí ìwé.

Ọ̀wọ́n tí a pète àti ọ̀wọ́n tí ó ṣẹlẹ̀

Ó dára kí a fi èyí wé irú ìkójọ tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ̀ jù. Ní San Diego ní Amẹ́ríkà, láti 1970, ni àwọn olólùfẹ́ ìwé ìtàn aláwòrán, fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ti ń pé jọ lọ́dọọdún ní àpéjọ tí a ń pè ní Comic-Con. Àwọn ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré máa ń ṣe ère rọ́bà kéékèèké ti àwọn akọni orí tẹlifíṣọ̀n tí ó jẹ́ pé ibi àpéjọ yẹn nìkan ni wọn yóò ti tà á, ní iye tí wọn kò ní kọjá, pẹ̀lú àmì kan lára páálí rẹ̀ tí ó jẹ́rìí sí i. Funko, ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1998 ní ìpínlẹ̀ Washington, gbé ère olórí-ńlá rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Pop jáde níbẹ̀ ní 2010. Àwọn ènìyàn ń tò fún wákàtí púpọ̀ láti rà á, àwọn mìíràn sì ń tún un tà ní iye tí ó pọ̀ ju bí wọ́n ti rà á lọ. Èyí tí wọn kò tíì ṣí páálí rẹ̀ ni ó gbówó lórí jù.

Èyí ni òdìkejì àwòrán àpò fúláwà. Ère rọ́bà náà ṣọ̀wọ́n nítorí pé ẹni tí ó ṣe é fẹ́ kí ó ṣọ̀wọ́n, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan kí iye rẹ̀ má baà já. Àwòrán Ghánà ṣọ̀wọ́n nítorí pé ó ṣiṣẹ́ títí ó fi ya. Ọ̀wọ́n tí a pète a sì máa yí padà sí ọlọ́dọ̀ rẹ̀: ní 2023, Funko kéde pé òun yóò da ère tí iye wọn tó mílíọ̀nù 30 sí mílíọ̀nù 36 dọ́là nù, nítorí pé wọ́n ti pọ̀ jù ní ilé ìkẹ́rùsí òun. Ará Suame Magazine tí ó bá gbọ́ ìyẹn yóò béèrè ohun tí ó dé tí wọn kò fi yọ́ rọ́bà náà ṣe nǹkan mìíràn.

Kumasi ti rí irú rẹ̀ rí

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohun èlò Kumasi yóò di ère inú àpótí gíláàsì. Nígbà tí ìyẹ̀ wúrà jẹ́ owó ní ilẹ̀ Akan, oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní òwọ̀n tirẹ̀, ẹyọ idẹ kéékèèké tí a fi ìda mọ kí a tó fi idẹ yíyọ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ onígun lásán, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jẹ́ ẹyẹ tí ó yíjú wẹ̀yìn, ọ̀nì, ẹja, ọkùnrin tí ń lu ìlù, a sì máa ń so òwe mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ìyẹ̀ wúrà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ wọn tán. Àwọn òyìnbó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì wà ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù Yúróòpù lónìí. Àwọn adẹ́dẹ àyíká Kumasi kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń dà wọ́n títí di òní fún àlejò, láìsí wúrà kankan tí wọn yóò wọ̀n. Ipa ọ̀nà kan náà ni: iṣẹ́ tán, olùkójọ dé, oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń ṣe irú rẹ̀ fún olùkójọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ère ìbejì tọ ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ìyàtọ̀ kan. Bí ère onígi ti ń lọ sí òkè òkun, tí iye àwọn agbẹ́gilére sì ń dín kù, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọmọláńgidi rọ́bà láti ọjà fún ìbejì tí ó kú, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bọ́ ọ, bí ìyá wọn ti ṣe fún ti igi. Marilyn Houlberg, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí èyí láti 1973. Rọ́bà tí ẹ̀rọ yọ lọ́nà kan náà pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ rẹ̀ di ohun ọ̀wọ̀ nítorí ìyá tí ó gbé e. Ní Nàìjíríà náà ni Ulli Beier ti ra pátákó Middle Art, ayàwòrán ará Onitsha, jọ; díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Iwalewahaus ní Bayreuth, ilẹ̀ Jámánì, ilé tí Beier dá sílẹ̀ ní 1981. Teshie, lẹ́bàá Accra, ní pósí Kane Kwei tí ó rí bí ẹja, bí kòkó tàbí bí ọkọ̀. Wọ́n dé Paris ní 1989 fún àfihàn Magiciens de la terre. Àní ọkọ̀ odidi kan ti jáde láti Suame Magazine báyìí: ní 2013, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ kan ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Turtle 1 pẹ̀lú Melle Smets, oníṣẹ́ ọnà ará Netherlands, ọkọ̀ náà sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Netherlands fún ìwòran.

Ibi tí wọ́n wà báyìí

Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán àtijọ́ tí kò tíì ya wà lọ́wọ́ àwọn olùkójọ àti àwọn oníṣòwò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Èyí ní ìdí tí kò fi yẹ kí a kan bẹnu àtẹ́ lu olùkójọ: bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, eku àti òjò ni ìbá jẹ wọ́n tán, nítorí pé lójú àwọn tí ó ní wọn, àkísà ni wọ́n ti dà. Ṣùgbọ́n olùkójọ ni ó ń yan ohun tí yóò kù. Àwòrán tí ojú Schwarzenegger wà lára rẹ̀ ni ó rọrùn fún ará Amẹ́ríkà láti dá mọ̀ kí ó sì rà. Èyí tí ó jẹ́ ti fíìmù Ghánà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Los Angeles, tàbí ti fíìmù Yorùbá tí wọ́n fi han èrò ní ìgboro Kumasi, kò rí oníbàárà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lo ohun tí olùkójọ kó jọ láti kọ ìtàn ìwòran ní Ghánà gbọ́dọ̀ rántí pé ohun tí àlejò fẹ́ràn ni ó ń wò, kì í ṣe gbogbo ohun tí ará ìlú sanwó láti wò.

Ọ̀ràn owó náà wà níbẹ̀. Owó pátákó lásán ni ayàwòrán gbà nígbà tí ó yà á. Nígbà tí wọ́n tà á ní Los Angeles ní ọdún 20 lẹ́yìn náà, kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n fún un ní nǹkan kan nínú rẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí àṣẹ tuntun láti òkèèrè fi ṣe pàtàkì fún àwọn tí ó ṣì wà láyé, ohun yòówù kí olùkójọ àtijọ́ máa sọ. Daniel Anum Jasper, tí ó ti ń ya àwòrán sinimá láti ìgbà àwọn onífídíò, ṣì ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Accra.

Àpò fúláwà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Èyí tí a fi ọ̀rá hun ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí, ọ̀dà kì í sì í di mọ́ ọn dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya irú ti àtijọ́ ní láti wá aṣọ òwú rà. Ní Suame Magazine, àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn trotro ṣì wà, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ̀rọ gé láti inú rọ́bà alẹ̀mọ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì wọn lójoojúmọ́.